Ẹ̀jẹ̀ Ta Ni Ẹ̀rọ Náà Ń Wò?

Láràárọ̀, ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀ bá ń bá jà á fi ìka tẹ ẹ̀rọ ara ògiri ilé rẹ̀. Ẹ̀rọ náà á wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á sì fi iye kan kéde bí ikú ṣe súnmọ́ ọn tó. Bí iye náà bá ti kọjá ọgbọ̀n, òfin ní kí ọmọ rẹ̀ wá fún un lára ẹ̀dọ̀ tirẹ̀.

"Méje," ni ẹ̀rọ wí nílé Alàgbà Láníyọnu.

Mojírádé, ọmọ kan ṣoṣo tí Alàgbà bí, gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ẹyinjú bàbá rẹ̀ ti pọ́n, ikùn rẹ̀ wú débi pé bùbá kò wọ̀ ọ́ mọ́. Lánàá, ó wá orúkọ ọmọ rẹ̀ tì.

"Màámi, ẹ̀rọ yìí ń parọ́."

"Ara bàbá ẹ ń yá ni," ni ìyá rẹ̀ dáhùn, kò sì wojú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ kejì, Mojírádé fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó rí ìyá rẹ̀ tó fi ìka ara rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, tí bàbá rẹ̀ sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ló ń wò!"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. "Bàbá ẹ ló bẹ̀ mí. Ó ní wọn ò ní torí òun la inú ọmọ òun."

Mojírádé di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó sì fi ìka bàbá náà tẹ ẹ̀rọ. Bàbá fẹ́ fà á padà, ṣùgbọ́n kò lágbára.

"Mẹ́rìndínlógójì," ni ẹ̀rọ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Mojírádé lórúkọ. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀rọ náà lẹ́nu.

"Màámi, ẹ yọwọ́," ni Mojírádé wí. "Ẹ jẹ́ kó pè mí."