Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Áńgẹ́lì

"Ẹ má dí i mọ́!"

Pẹ́ńtà ìjọ, bàbá arúgbó kan tí eruku ògiri tó ń họ ti bo gbogbo ojú rẹ̀, ló fi ìbínú pariwo.

Ọ̀mọ̀wé Ọmọ́lẹ́wà, tí wọ́n pè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Rippleside, nílùú òyìnbó, láti sọ ọjọ́ orí àwòrán ara ògiri, kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń fi ẹfun dí ibi mẹ́ta tí ọ̀bẹ ti là lẹ́rẹ̀kẹ́ áńgẹ́lì inú àwòrán náà.

"Dádì, ẹ wo ojú gígùn, ẹ wo bí aṣọ ṣe ṣẹ́ po. Ó ti tó ẹgbẹ̀ta ọdún tí wọ́n ti yà á. Àwọn tó kórìíra ère nínú ṣọ́ọ̀ṣì láyé ìjọ́sí ló fi ọ̀bẹ bà á jẹ́."

"Èmi ni mo wò ó nínú ìwé, tí mo sì yà á sára ògiri yìí, lọ́dún tí ìyá mi kú!"

"Háà, Dádì! Ṣé ẹ ti tó ẹgbẹ̀ta ọdún ni?"

Pẹ́ńtà fi àkísà nu eruku ojú ara rẹ̀, ó sì kọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ọ̀mọ̀wé náà. Pélé mẹ́ta yọ.

Lẹ́rẹ̀kẹ́ áńgẹ́lì, ó ti ku ẹyọ kan tí ẹfun kò tíì dí.