Páìpù Tí Kò Ní Dì

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kọkànlá, Verlyn fi ọkọ̀ rẹ̀ fa ilé onítáyà Dwight lọ sí àgbàlá ara rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tún páìpù inú rẹ̀ ṣe, kí àwọn méjèèjì lè máa gbé inú rẹ̀ pẹja lórí adágún nígbà tí omi rẹ̀ bá ti dì. Púlọ́mbà ni Verlyn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní àríwá Minnesota, kò sì béèrè owó kankan lọ́wọ́ àna rẹ̀.

Karla, àbúrò Verlyn, ni Dwight fẹ́. Obìnrin náà ti kú lọ́dún tó kọjá. Èéfín ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná ló pa á nínú balùwẹ̀, èéfín tí kì í rùn, tí ojú kì í sì í rí. Àwọn ọlọ́pàá ní jàǹbá lásán ni. Ẹ̀rọ kékeré tó yẹ kó ké nígbà tí èéfín náà ń pọ̀ kò ké, Dwight nìkan ló sì mọ ẹni tó yọ bátìrì rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi já nígbà tí Verlyn ní kí wọ́n jọ lọ pẹja. Ṣùgbọ́n bó bá kọ̀, wọ́n á bi í pé kí ló ń sá fún. Ìfura loògùn àgbà. Ó gbà, ó sì ń yà lọ wo iṣẹ́ náà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ó máa ń bá Verlyn lábẹ́ ilé náà, tó dojú sókè, tó ń fi wáyà agbóná we páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi fóòmù bò ó. Ó la ọ̀nà tuntun fún afẹ́fẹ́ gbígbóná, láti inú ẹ̀rọ amúlégbóná lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Bọ̀dá Verlyn, ṣé abẹ́ ilé lẹ fẹ́ kó gbogbo ooru yìí lọ ni?"

"Abẹ́ ni táǹkì wà, abẹ́ náà ni páìpù wà. Kí ni ìwọ ará Arizona mọ̀? Yìnyín tó o mọ̀ ò ju èyí tí wọ́n ń jù sínú ife lọ."

Dwight rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè ohun tó bá wá. "Èéfín ńkọ́?"

Verlyn jáde lábẹ́ ilé, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀rọ tó ń ké, méjì ni mo gbé síbẹ̀. Ọ̀kan wà lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ. Bátìrì tuntun ló wà nínú méjèèjì." Ojú Dwight ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n gorí adágún ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ le tó láti gbé ọkọ̀. Verlyn gbé ilé náà sójú kan tó jìnnà sí tàwọn tó kù, ó lu yìnyín láti inú ihò méjì tó ti gé sí ilẹ̀ ilé, wọ́n sì jókòó tì í, wọ́n ń pẹja. Páìpù kankan ò dì. Omi gbígbóná ń yọ ní ẹnu ẹ̀rọ omi bíi pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, èyí tí wọ́n bá sì lò tán, orí yìnyín abẹ́ ilé ló ń dà sí.

"Wẹ̀ dáadáa," Verlyn máa ń sọ. "Wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ tó bá wù ẹ́. Omi pọ̀."

Dwight ò fọkàn tán an. Kó tó sùn, á tẹ ẹ̀rọ méjèèjì wò bóyá wọ́n á ké, á sì ṣí fèrèsé díẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni Verlyn ń sùn, òun ló tiẹ̀ gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná. Ẹni tó fẹ́ fi èéfín pa èèyàn kì í sùn síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá Orvis, tó ń pẹja nítòsí èbúté, gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ó wo abẹ́ ilé náà títí.

"Ẹ ò fi igi tẹ́ abẹ́ táyà ni?"

"Igi ń bọ̀, Bàbá."

"Ẹ ti pẹ́ lójú kan o, Verlyn. Ìwọ náà kúkú mọ̀."

"A máa ṣí lọ́la."

Nígbà tí bàbá náà lọ, Dwight béèrè ohun tí wọ́n ń fi igi ṣe. Verlyn ní àwọn arúgbó ò fẹ́ kí táyà lẹ̀ mọ́ yìnyín ni. Adágún kérora lábẹ́ wọn bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Yìnyín tó ń nípọn sí i ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, wọ́n jẹ ẹja díndín àti ànàmọ́. Verlyn fọ abọ́, ó jẹ́ kí omi gbígbóná náà ṣàn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ó sì mú ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ dání.

"Búrẹ́dì ti tán. Mo fẹ́ yà sí èbúté." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ooru yẹn tó ẹ báyìí?"

"Ó tó, Bọ̀dá. Ẹ ṣeun gan-an ni."

"Karla ò fẹ́ràn òtútù," Verlyn wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Dwight tẹ ẹ̀rọ méjèèjì, méjèèjì ké. Ojú tì í nítorí gbogbo ohun tó ti rò nípa ọkùnrin yìí láti oṣù kan. Verlyn ò mọ nǹkan kan, kò sì ní mọ̀ láé. Ó nà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sùn fọnfọn.

Ohun tútù kan tó kan ọwọ́ rẹ̀ ló jí i. Ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, omi mu ún dé orúnkún, ó tutù tó bẹ́ẹ̀ tí eyín rẹ̀ fi ń gbá ara wọn. Páìpù ti bẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, púlọ́mbà ọgbọ̀n ọdún, gbogbo fóòmù yẹn.

Ó tọ àwọn páìpù náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹnu ẹ̀rọ omi wá sísàlẹ̀, ọ̀kankan nínú wọn ò bẹ́, ẹja kékeré kan sì ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.