Ọwọ́ Olóólà

"Ẹ̀yin náà, ẹ ya ìlà tiyín, ká lè fi wé ti bàbá yín," ni dókítà wí, ó na bírò sí olóólà.

Ọwọ́ bàbá ló ń gbọ̀n. Olóólà kàn sìn wọ́n wá ni. Ó fa ìlà náà yípo yípo bí ìkarahun ìgbín. Lójú tirẹ̀, kò lábùkù.

Dókítà tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ títí. "Ọwọ́ tiyín náà ti ń gbọ̀n, ẹ ò tíì mọ̀ ni. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Olóólà gbé bírò kalẹ̀. "Àgbẹ̀... àgbẹ̀ ni mí, mà."

Bàbá wolẹ̀. Àfìgbà tí àwọn méjèèjì jáde ni bàbá fà á láṣọ:

"Yára. Ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ tó o fẹ́ kọlà fún ti ń dúró ní Mọdákẹ́kẹ́."