Lẹ́tà Kan Nínú Egungun Ọmọ

Obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

Àyẹ̀wò ọmọ àbúrò rẹ̀ ló wà lójú ẹ̀rọ, ọmọ ọwọ́ tí egungun rẹ̀ ń ṣàdédé kán.

Wọ́n ní ìyá ọmọ ló ń lù ú. Ìjọba ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹjọ́ sì ti dé iwájú adájọ́.

Purotéènì tó ń mú egungun le ló ń kà, lẹ́tà kan fún ásíìdì àmínò kan, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tó so pọ̀ di purotéènì. Lẹ́yìn lẹ́tà méjì-méjì, G ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Ó ń kà á bọ̀.

Ó dúró lójijì. Níbi tó yẹ kí G wà, S ló jókòó síbẹ̀.

Ó tún un kà. S náà ni.

Ìyàtọ̀ bíńtín yẹn ti tó láti sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Egungun ọmọ yìí lè kán níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lù ú.

Kíá, ó pe ìyá ọmọ, ìyàwó àbúrò rẹ̀, lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, o ò ṣe ọmọ rẹ ní nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún adájọ́."

Ìyàwó bú sẹ́kún.

"Àǹtí mi! Gbogbo ayé ló sá fún mi, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí. Ẹni tó kó bá mi yìí, Ọlọ́run á mú un!"

Àǹtí ì bá dákẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò gbà fún un.

"Ìyàwó wa... èmi ni mo pe ọlọ́pàá."

Ẹkún náà dá wáí.

"Ẹ̀yin kẹ̀, Àǹtí?"