Òkè Ti Tán

Kí oòrùn tó yọ lórí òkè wọn ní Jàpáánì ni Tokuji àgbà já èso àjàrà kan, tó fi eyín fọ́ kóró inú rẹ̀. Ní ìdílé wọn, bí kóró bá gbó tó dún lẹ́nu, ìkórè dé. Èso náà dùn bí oyin, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ rọ̀, ó sì korò bí jogbo.

"Bàbá, ó gbó àbí kò gbó?" Kinue, ọmọ rẹ̀ obìnrin, béèrè.

"Òtútù òru ló ń mú kóró gbó, òru ò sì tutù mọ́. Kò lè gbó láéláé."

"Ẹ jẹ́ ká fi pọn ọtí bẹ́ẹ̀. Ta ló tún mọ adùn láyé yìí?"

"Èmi."

Ooru ti lé wọn kúrò ní ẹsẹ̀ òkè nígbà ayé bàbá Tokuji, ó tún lé wọn kúrò ní àárín òkè. Bí wọ́n bá ti ń ṣí, àgbà ilé a gé ẹ̀ka àjàrà, a fi aṣọ tútù wé e kó má bàa kú, a pọ̀n ọ́n gòkè láìbojú wẹ̀yìn. Tokuji gé ẹ̀ka, ó wé e, ó pọ̀n ọ́n.

"Bàbá, níbo lẹ tún ń lọ? Òkè ti tán. Àbí ojú ọ̀run lẹ fẹ́ gbìn ín sí?"

Tokuji kàn ń gòkè lọ. Ó rìn dé orí àpáta tó ga jù, níbi tó ti ń fi yìnyín ṣeré ní kékeré. Eruku ló bá níbẹ̀. Ó wá bojú wẹ̀yìn. Kinue ti ń já èso náà sínú agbọ̀n.

Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Aṣọ tó fi wé e ti gbẹ.