Àpérò Tí Wọ́n Gbà Sílẹ̀ ní Ọ̀pọ̀

Alága àpérò fúnra rẹ̀ ló lé àwọn onífídíò ńlá lọ. Ó ní iye tí wọ́n ń pè tó kọ́ ilé. Akunlé ló ránṣẹ́ pè, ọkùnrin tó máa ń kun ilé ìwé tí wọ́n ti ń ṣe àpérò náà lọ́dà, pé kó wá gba ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé sílẹ̀, kí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn lè rí i wò.

Fóònù mẹ́ta ni Akunlé kó dé. Ó so èyí tó tóbi mọ́ orí ọ̀pá ìgbálẹ̀, ó fi rọ́bà de èkejì mọ́ ẹ̀rọ sípíkà, ó sì ti kékeré bọ àpò àyà Bàbá Ọ̀jọ̀gbọ́n, àgbàlagbà tó kọ́ Alága níwèé.

"Mo ti ra káàdì ìpè tó máa gbé wa di ìrọ̀lẹ́, sà," ni Akunlé wí.

"Ṣé mo bi ẹ́?" ni Alága wí. "Ọ̀gá ọlọ́dà, ṣá ti jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa."

"Wọn á gbọ́ yín, sà."

Bàbá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Kò sí máíkì lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ń já geere láti inú sípíkà mẹ́rin tó wà lára ògiri. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ jẹun, ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí òun yóò fi parí.

Alága mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó fa Bàbá lọ́wọ́ lọ sísàlẹ̀, sí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ìwé tó sọ ẹ́ dèèyàn ti kú, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń bẹ láyé. Jẹ́wọ́ fúnra ẹ, kí n má bàa bá ẹ jẹ́wọ́."

"Ogún ọdún ni mo ti ń fi ìwé yẹn jẹ orúkọ, Bàbá."

"Ogún ọdún náà ni wọ́n ní irọ́ máa ń lò lọ́nà."

Alága fa ẹsẹ̀ àga onírin kan yọ. Ìkíní ba èjìká, Bàbá kígbe. Ìkejì ba ẹnu, igbe náà sì dá. Kò ṣíwọ́ títí irin náà fi tẹ̀. Lókè orí rẹ̀, ẹsẹ̀ ń lọ gìrìgìrì, wọ́n ń pe Bàbá káàkiri. Alága rò pé ebi ló ń pa wọ́n, wọn ò kàn fẹ́ jẹun ṣáájú àgbà ni.

Ìgbà yẹn ló rí fóònù kékeré náà nínú àpò Bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ti rin. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú fóònù náà ṣókùnkùn.

"Ìwọ náà kú," ni ó wí. Ó tì í bọ àpò ara rẹ̀. Inú odò ni yóò jù ú sí bó bá ń relé.

Ó fọ ọwọ́, ó fi kóòtù bo ẹ̀jẹ̀ ara ṣẹ́ẹ̀tì. Ó dán ohùn ọ̀fọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, èkejì tẹ́ ẹ lọ́rùn jù.

Gbogbo gbọ̀ngàn kọjú sí ẹnu ọ̀nà nígbà tó wọlé. Kò sẹ́ni tó jókòó. Akunlé dúró gbagidi ti ẹ̀rọ sípíkà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fóònù tó dè mọ́ ọn.

Alága dorí kodò, ó ní, "Àwọn olè ti pa Bàbá wa," sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ara ògiri sì ń bá a sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, láti inú àpò rẹ̀.