Ọkọ̀ Tó Wà Níwájú

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ ojú irin dúró sí àárín pápá. Kí ó tó dúró ni Bàbá Ìbejì ti mọ̀. Etí rẹ̀ gbọ́ bí bíréèkì ṣe fà, ó bojú wo ìta láti ojú fèrèsé, ó rí iná pupa lórí òpó, ó sì mí kanlẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án géérégé ló gbọ́dọ̀ débi iṣẹ́. Láti ibi tí wọ́n dúró sí yìí, òrùlé ibùdó ti ń dán lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìwé kan látọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀ tó ti kà títí tó fi mọ̀ ọ́n lórí: ó ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kó má wulẹ̀ yọjú mọ́. Kì í ṣe pé ó ń sùn jù. Ọkọ̀ aago mẹ́fà tó máa ń wọ̀ ni wọ́n fagi lé níbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí wọ́n wá lẹ àwòrán obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ gbogbo ògiri ibùdó: ÌYÍPADÀ YÌÍ, FÚN ÌRỌ̀RÙN YÍN NI. Ọkọ̀ aago méje àbọ̀ ló kù. Tòní tún fi ogún ìṣẹ́jú ṣòfò lójú ọ̀nà nítorí ilẹ̀kùn kan tó kọ̀ tí kò padé.

Ìyá àgbà tó jókòó tì í gbé kéèkì ìgbéyàwó alájà mẹ́ta lé itan. Ó ti fi ìwé ìròyìn fẹ́ ẹ títí apá fi ń ro ó.

“Ìwọ náà, wo ara rẹ,” ni ìyá náà wí. “Kéèkì mi ń yọ́ nínú ooru, ìwọ wọ súwẹ́tà, o tún de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ṣé ibà ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe mí láàárọ̀, mà.” Bàbá Ìbejì fa ọrùn súwẹ́tà náà sókè sí i, ó sì fi ẹsẹ̀ ti báàgì rẹ̀ sábẹ́ àga.

Ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wọlé láti iwájú. Káàdì àyà rẹ̀ ṣì ń dán.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọkọ̀ kan ló dúró síbi pèpéle ibùdó níwájú, níbi tí èrò ti ń bọ́ sílẹ̀. Pèpéle kan ṣoṣo ló sì kù, wọ́n ń tún èkejì ṣe. Bí tọ̀hún ò bá lọ, a ò lè wọlé.”

“Kí ló dé tí tọ̀hún ò lọ?” ni èrò kan béèrè.

“Wọ́n ní awakọ̀ rẹ̀ ò tíì dé.”

Ariwo sọ.

“Ó ṣì ń sùn!” ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

“Ó ti jí o, ó ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó mumi sí i!”

“Owó wa la fi ń ra ìyà jẹ.”

Ìyá oníkéèkì ò rẹ́rìn-ín. “Aago mọ́kànlá ni wọ́n fẹ́ gé kéèkì yìí. Kí ni mo fẹ́ gbé fún ìyàwó, ọbẹ̀?” Ó yíjú sí Bàbá Ìbejì. “Kí lo rí sí i, ọmọ mi?”

“Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò yẹ níṣẹ́, mà. Torí tirẹ̀ ni wọ́n á ṣe lé èmi lónìí. Kí wọ́n yáa lé òun náà!”

“Àṣẹ!” ni gbogbo wọn fi gbè é.

Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì; kò wọlé. Aago mẹ́sàn-án lù, ó kọjá. Ó gbéra, ó bá ọmọbìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà.

“Àbúrò, dákun, ṣílẹ̀kùn fún mi. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni. Mo mọ ẹ̀gbẹ́ irin yìí bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, òfin tuntun ni. A kì í ṣílẹ̀kùn mọ́ níbi tí kì í bá ṣe ibùdó.”

“Òfin tuntun yín mà pọ̀ o.”

“Èmi gan-an, ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀. Méjìdínlógójì ni wọ́n ní kí n há sórí.”

Bàbá Ìbejì ní ohun kan lẹ́nu tó fẹ́ sọ fún un. Ó wo ojú àwọn èrò, ó gbé e mì.

“Jókòó jàre!” ni ẹni ẹ̀yìn yẹn tún kígbe. “Bí o bá bọ́ sílẹ̀, tí ọ̀lẹ yẹn bá lọ jí lójijì, á fi ọkọ̀ gbá ẹ!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì padà sí ìjókòó rẹ̀. Ìyá oníkéèkì fọwọ́ kàn án léjìká.

“Pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá rẹ á gbọ́ tẹnu rẹ. Ṣé ìwọ lo dí ọ̀nà ni?”

“Ẹ bá mi bi wọ́n, mà.”

Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, fóònù rẹ̀ dún.

“Ẹ káàárọ̀, sà… Mo ti ń pè yín, sà… Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà, mo ń rí òrùlé ibùdó… Wọn ò jẹ́ ká wọlé ni, sà. Ọkọ̀ kan ló…”

Ó gbọ́ títí. Ó dìde díẹ̀, ó na ọrùn wo abẹ́ òrùlé lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún rọra jókòó.

“Mo gbọ́, sà.”

“Kí ló wí?” ni ìyá oníkéèkì bi í. “Ṣé ó ti lé ẹ?”

Bàbá Ìbejì bọ́ súwẹ́tà tó fi bo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa fìlà awakọ̀ ojú irin yọ nínú báàgì, ó dé e, ó sì dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, “Ó ní òun ò tíì lè lé mi, mà, ó ní kí n kọ́kọ́ wá wa ọkọ̀ mi kúrò níwájú wa.”